Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò Yọ́ Rìn Mọ́

Ojú ìwé yìí ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìkòkò, nípa ibùsùn ọmọ ọwọ́ àti nípa owó ọjà, tó bẹ́ẹ̀ tí baálé ilé kan fi bi wá léèrè pé ṣé a kò mọ̀ pé ọkọ̀ pẹ̀lú jẹ́ ohun èlò ilé ni. A mọ̀ ọ́n dájúdájú. Kò sí ohun kan nínú ilé tiwa tí ó ń jẹ owó bí ọkọ̀ tí ó ti dàgbà, kò sì sí èyí tí a ń náwó sí tí a kì í sábà mọ ibi tí owó náà wọlé sí bí i tirẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ yìí sọ ti ọkọ̀ tiwa, àti ti rọ́bà méjì kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ wa.

Ayọ́kẹ́lẹ́ ni Yorùbá ń pe ọkọ̀ kékeré, èyí nì ni pé ohun tí ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni tiwa fi jẹ́ orúkọ yìí tí orúkọ náà kò sì dójú tì í. Toyota Camry ni, ọdún 1999 ni wọ́n ṣe é. Tòkunbọ̀ ni, ó ti sìn nílùú òyìnbó kí ó tó wá sìn lọ́dọ̀ wa, ó sì dàgbà ju àbíkẹ́yìn wa lọ. Òun ni ó ń gbé wa lọ sí ibi iṣẹ́, òun ni ó ń kó ẹrù ìyá ilé wa ti ọjà dé, òun náà ni a fi ń gbé ìyá wa àgbà, tí orúnkún ń dà láàmú, lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ní ìparí òjò ọdún tí ó kọjá, nígbà tí àgbàrá ti gbẹ́ títì àdúgbò wa tán, ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn ni ó ń dún: kó, kó, kó, lábẹ́ ẹsẹ̀ wa níwájú, pàápàá nígbà tí a bá ń rọra lọ láàárín ilé. Bí a bá dé ojú ọ̀nà tí ó dán tí a sì sáré, a kì í gbọ́ ohunkóhun.

Ìyá wa àgbà ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di àwàdà. Ó ní, "Ẹ dá ọkọ̀ dúró kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún àlejò náà." A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ọ̀lẹ tàbí olè. Ó wà á yí àdúgbò ká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣọ́ọ̀kì yín ti lọ." Ṣọ́ọ̀kì ni irin gígùn tí òróró wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa ta pọ́ún-pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti gun gegele. A ra méjì. Owó tí a fi rà wọ́n ni owó tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣekágbá ọmọbìnrin wa, pẹ̀lú èrò pé a ó dá a padà kí ọjọ́ tó pé. Fún ọjọ́ méjì a ń sọ fún ara wa pé ariwo náà ti dín. Ní ọjọ́ kẹta, kó, kó, kó. A padà lọ. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní tàì rọ́ọ̀dù ni. A pààrọ̀ tàì rọ́ọ̀dù, ariwo kò pààrọ̀. Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó mi orí, ó ní yóò jẹ́ ìdí ìtọ́kọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí í ṣe irin tí ń yí táyà iwájú méjèèjì, ó sì dárúkọ iye owó kan tí ó mú kí a wá táyà tí ó wà nítòsí kí a fi ìdí lé e.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a sọ fún ìyá ilé wa pé a ó ta ọkọ̀ náà. Ẹnì kan ti wà tí ó fẹ́ rà á, ó sì ti fi ariwo náà já iye rẹ̀ wá sí ìdajì. Ìyá ilé wa kò bá wa jiyàn. Ó kàn bi wá pé, "Kí ni a ó fi máa gbé Màmá lọ?"

A kò fi ẹ̀sùn kan mẹkáníìkì náà. Ariwo abẹ́ ọkọ̀ dà bí inú rírun: ohun mẹ́wàá ni ó lè fà á, ẹnu kan náà ni gbogbo wọn sì fi ń ké. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé a kì í fi ètè sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Tiwa yí padà: làpálàpá ni ó ń yọ wá lẹ́nu, owó ètè ni a sì ń ná.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀ lé e, bí a ti ń bọ̀ láti ọjà, ìyá ilé wa ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba iwájú ilé-ìwé." A bi í pé nítorí kí ni, ó ní, "Ẹ ṣáà gbà á." Níwájú ilé-ìwé náà ni wọ́n ti mọ òkè kékeré kan dábùú títì kí àwọn awakọ̀ má ba à sáré pa ọmọ ọlọ́mọ, irú èyí tí a ń pè ní bọ́ǹpù. A gun ún, a sì sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀: kẹ́kẹ́ pa. Níwájú díẹ̀ sí i, kòtò kan wà ní apá òsì nìkan. Táyà òsì wọ inú rẹ̀: kó. Ìyá ilé wa ní, "Ẹ gbọ́ ọ báyìí? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá jọ gòkè, kì í dún. Bí ẹsẹ̀ kan bá dá lọ, a dún. Ṣé ṣọ́ọ̀kì mọ ìyàtọ̀ ìyẹn ni?"

Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò wakọ̀ rí ni ọgbọ́n yìí ti wá, òótọ́ pọ́nńbélé sì ni. Ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún kò mọ ohun tí ti òsì ń ṣe. Olúkúlùkù ń sin táyà tirẹ̀, bí ó bá sì ti bàjẹ́, bọ́ǹpù ni ìbá kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ohun tí ó ń dákẹ́ nígbà tí táyà méjèèjì bá jọ gòkè, tí ó sì ń ké nígbà tí ọ̀kan bá fi èkejì sílẹ̀, ohun náà ní láti jẹ́ èyí tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀.

Òpó irin kan wà lábẹ́ iwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, tí ó lọ láti apá kan dé èkejì. Sítébíláísà ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é. Wọ́n tẹ orí rẹ̀ méjèèjì bí ìgbà tí ènìyàn bá na apá rẹ̀ méjì síwájú láti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìkángun apá kọ̀ọ̀kan ni a fi irin kékeré kan, tí a ń pè ní línkéèjì, so mọ́ àwọn irin tí ó gbé táyà ìhà rẹ̀ dúró. Àárín òpó náà, tí í ṣe àyà rẹ̀, ni a fi rọ́bà méjì gbá mọ́ra sábẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ìdè irin kan sì wà lórí rọ́bà kọ̀ọ̀kan tí a fi bóòtì dè.

Iṣẹ́ òpó yìí ni pé kí ó má jẹ́ kí ọkọ̀ fì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ bọ́ọ̀sì akérò tí ó kún, tí awakọ̀ sì fi ìkánjú yà ní kọ́nà, ti mọ bí gbogbo ara ọkọ̀ ti ń dà sí ìhà òde. Bí ara ọkọ̀ bá fẹ́ dà báyìí, ìhà kan yóò tẹ̀ wálẹ̀ sórí táyà rẹ̀, ìhà kejì yóò gbé sókè kúrò lórí tirẹ̀. Apá òpó kan yóò lọ sókè, èkejì yóò lọ sísàlẹ̀, òpó náà yóò sì lọ́ bí aṣọ tí obìnrin ń fún omi rẹ̀ kúrò. Irin kò fẹ́ kí a lọ́ òun. Agbára tí ó fi kọ̀ yìí ni ó ń dá ọkọ̀ padà sí òró. Ṣùgbọ́n bí táyà méjèèjì bá jọ gun bọ́ǹpù, apá méjèèjì a jọ gòkè, òpó náà a kàn yí díẹ̀ nínú rọ́bà rẹ̀ bí ilẹ̀kùn ti ń yí lára ìdè rẹ̀, kò sí ìjà kankan. Ìdí rẹ̀ nì yí tí bọ́ǹpù kò fi dún, tí kòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan sì dún. Bí rọ́bà bá ti jẹ, àlàfo a wà láàárín rẹ̀ àti òpó náà, nígbà tí òpó bá sì fẹ́ lọ́, a kọ́kọ́ fò gba inú àlàfo náà kí ó tó kan ohun tí yóò dá a dúró. Kó. Ẹni tí ó ń wakọ̀ yóò tún rí i pé ní kọ́nà, ọkọ̀ a dà díẹ̀ kí ó tó rántí ara rẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun rárá. Ní ọdún 1919 ni wọ́n fún Stephen Coleman, ará Kánádà, ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú òpó bẹ́ẹ̀. Volkswagen tí àwọn baba wa ń pè ní ìjàpá ní i níwájú láti ìgbà tí a ti ṣe èyí tí a kà sí ti ọdún 1960.

Kí ni ó ń pa rọ́bà náà? Ọjọ́ orí ni àkọ́kọ́, nítorí pé ooru àti afẹ́fẹ́ a máa sọ rọ́bà di gígan títí yóò fi sán. Iyẹ̀pẹ̀ ni èkejì: bí ó bá wọ àárín rọ́bà àti irin, a máa lọ̀ wọ́n bí ọlọ ti ń lọ ata. Èyí tí ó burú jù ni òróró. Lára tiwa, okùn rọ́bà tí ń gbé òróró ìtọ́kọ̀ kiri ń jò ní kán-ún-kán-ún sórí rọ́bà apá òsì; nígbà tí a yọ ọ́, ó ti rọ̀ bí mọ́ínmọ́ín tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá fi irú jíjò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì lọ ra rọ́bà tuntun, omi ni ó ń pọn sínú ajere.

Kí a tó náwó kankan, a lọ fi ojú ara wa rí i. A gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, a pa á, a fa bíréèkì ọwọ́, a yí táyà iwájú sí apá kan pátápátá kí ojú wa lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. A tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i. Irin òpó náà ń dán gbirigbiri ní ibi tí ó ti wọ inú rọ́bà, àmì pé ó ń fara ha nǹkan. A sì rí àlàfo tí èékánná wa lè wọ̀. A di òpó náà mú, a mì í, ó sì mì nínú rọ́bà rẹ̀. A kò gbàgbé línkéèjì pẹ̀lú, nítorí pé bí oríkèé rẹ̀ bá jẹ, irú ariwo kan náà ni yóò máa pa, kòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan náà ni yóò sì mú un ké. A fi ọwọ́ gbọn ti ọ̀tún àti ti òsì. Wọ́n le dáadáa.

Ó ku rírà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn mọ ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó wà ní Àgódì Gate, ẹ̀yin ará Èkó mọ Ládípọ̀ ní Múṣin. Ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá kàn sọ pé rọ́bà sítébíláísà Camry ni ẹ fẹ́, wọn yóò fún yín ní rọ́bà. Bóyá yóò bá ọkọ̀ yín mu, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ọkọ̀ orúkọ kan náà lè ní òpó tí ó nípọn ju ara wọn lọ. Bí ihò rọ́bà bá fi mílímítà kan péré tóbi ju òpó lọ, ariwo tí a ń sá fún a tún padà wá. Bí ó bá kéré jù, ìdè irin kò ní í padé, ẹni tí ó bá sì fi agbára fún un a já bóòtì. Ọgbọ́n tí a lò kò ju ti aránṣọ lọ. A gé pélébé ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, a we e mọ́ òpó náà lẹ́ẹ̀kan ní tòsí rọ́bà, a fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ó ti pàdé ara rẹ̀, a tẹ́ ẹ sórí rúlà, a sì fi 3.14 pín in. Bí ìwé náà bá jẹ́ 69 mílímítà, òpó náà jẹ́ 22. Bí ó bá jẹ́ 75, ó jẹ́ 24. A mú ìwé náà lọ sí ọjà. Ẹni tí ó ń tajà wò wá bí ẹni tí ó mú ìwé òfin wá sí ọjà ata, ṣùgbọ́n rọ́bà tí ó kọ́kọ́ mú jáde kò bá ìwé náà mu, ó sì ní láti padà wọ inú ṣọ́ọ̀bù.

Ó tún fi rọ́bà tòkunbọ̀ lọ̀ wá, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, ó ní ojúlówó ni. Ó lè jẹ́ ojúlówó. Irin tòkunbọ̀ lè pẹ́ ju tuntun lọ, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí ó ti gbó nílùú òyìnbó, kí ni ó kù fún un láti ṣe nílùú wa? Wọ́n tún ń ta oríṣi kan tí ó le ju rọ́bà lọ, tí wọ́n fi ohun tí a ń pè ní pọliyurétéènì ṣe. A máa pẹ́, kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ fì rárá, ṣùgbọ́n a máa jẹ́ kí gbígbọ̀n ọ̀nà dé ara ẹni tí ó jókòó, a sì máa hàn yọ̀ọ̀yọ̀ọ̀ bí a kò bá fi girisi sílíkóònù sí i. Pẹ̀lú orúnkún ìyá wa àgbà, rọ́bà lásán ni a mú. Méjì ni a rà, nítorí pé bí a bá pààrọ̀ ọ̀kan tí a fi èkejì sílẹ̀, ọ̀kan yóò máa di òpó mú, èkejì yóò máa jẹ́ kí ó fò. Owó àwọn méjèèjì kò tó ìdá mẹ́wàá owó ṣọ́ọ̀kì tí a ti rà.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù nì yí. Ní ọjọ́ Sátidé, àwa àti àkọ́bí wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, pinnu láti ṣe iṣẹ́ náà fúnra wa. Ilẹ̀ àgbàlá wa jẹ́ iyẹ̀pẹ̀. A fi jáàkì tí ó bá ọkọ̀ náà wá gbé apá òsì sókè, a yọ táyà, a sì ní kí ọmọ náà wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó tín-ín-rín jù wá lọ. Ó wọlé dé àyà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ké sí wa pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú sípánà kejì." Ẹnì kan ti dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a kò tètè dáhùn. Ọmọ náà dúró títí, ó sú u, ó fà jáde láti mú sípánà náà fúnra rẹ̀. Kò tíì nàró tán tí ẹsẹ̀ jáàkì fi rì ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú iyẹ̀pẹ̀, ọkọ̀ náà sì wálẹ̀ gbì! Irin tí a yọ táyà kúrò lórí rẹ̀ wọ ilẹ̀ ṣinṣin. Àlàfo tí ó kù ní ibi tí àyà ọmọ náà ti wà kò gba àwo oúnjẹ.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ariwo náà, ó jáde, ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọ, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó sì padà wọlé. A gbọ́ tí ó ń sunkún nínú yàrá. Àwa ni a rán ọmọ náà wọlé síbẹ̀. A ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn sí ojú ìwé yìí fún ilé àwọn ẹlòmíràn, a sì jẹ́wọ́ pé ní ọjọ́ náà ó ṣe wá bíi pé kí a má kọ nǹkan mọ́.

A kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Kí ẹ tó ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ̀ pé jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kì í ṣe fún dídi ọkọ̀ mú sókè. Ohun tí ń di ọkọ̀ mú ni ẹsẹ̀ irin, èyí tí àwọn mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ máa ń ní. Méjì ni a yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan. A gbé ọkọ̀ lọ sí àgbàlá aládùúgbò wa tí ó ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. A fa bíréèkì ọwọ́, a fi jíà sí pákì, a fi òkúta ńlá há táyà ẹ̀yìn méjèèjì. A gbé iwájú sókè ní ìhà kan, a ti ẹsẹ̀ irin bọ ibi tí ìwé ọkọ̀ ní kí a gbé e sí, a sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé e. A ṣe ìhà kejì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. A tẹ́ táyà tí a yọ sí abẹ́ ìhà kọ̀ọ̀kan, pé bí ohun kan bá yẹ̀, kí ọkọ̀ bà lé táyà. Lẹ́yìn náà ni a fi èjìká ti ọkọ̀ náà gidigidi láti ìhà méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni tó ti orí bọ abẹ́ rẹ̀. A rí àwọn ènìyàn tí ń fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ṣe ẹsẹ̀ irin. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀; bí yóò bá fọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni í fọ́.

Gbígbé ìhà méjèèjì sókè pọ̀ tún ní àǹfààní mìíràn tí a kò mọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ìhà kan bá wà lókè tí èkejì wà nílẹ̀, òpó náà ti lọ́, ó ń bínú nínú ìdè rẹ̀. Ẹni tí ó bá tú bóòtì nígbà náà yóò rí i pé irin ń fò, kò sì ní í lè dá a padà sí àyè rẹ̀. Bí táyà méjèèjì bá jọ rọ̀ sílẹ̀ bákan náà, òpó a dákẹ́ bí ẹni tí ó sùn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò gùn. Láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni a ti fọ́n òróró tí ń tú ìpáàdì sí orí àwọn bóòtì. Èyí ṣe pàtàkì fún tòkunbọ̀ tí ó wá láti ìlú òtútù, nítorí pé iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ kí ó tó gun ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Bóòtì kan kọ̀ fún wa. A kò bá a jà, a ń yí i síwájú díẹ̀, a ń yí i padà díẹ̀, a tún fọ́n òróró sí i, títí ó fi gbà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí a tó yọ rọ́bà àtijọ́, a fi ẹfun sàmì sí ibi tí ó jókòó lórí òpó, a sì wo ìhà tí là rẹ̀ kọjú sí. Wọ́n ti la rọ́bà yìí ní ẹ̀gbẹ́ kan kí a lè là á sórí òpó láìtú òpó náà kúrò. Bí tuntun bá kọjú sí ibi tí ti àtijọ́ kò kọjú sí, kò ní í jókòó dáadáa. A tú bóòtì méjì ìhà òsì, a yọ ìdè irin, a ṣí rọ́bà kúrò. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti pépà yanrìn fọ ojú òpó náà títí kò fi sí páránpárá kankan, a sì tún fi ìwé wa wọ̀n ọ́n, bóyá ó ti jẹ tín-ín-rín ní ibi tí ó ti ń fara ha, kò jẹ. Omi ọṣẹ ni a fi pa inú rọ́bà tuntun kí ó lè yọ̀ wọlé. Ọmọ wa ti mú agolo girisi dání, a ní kí ó gbé e padà: girisi tí a fi òróró ilẹ̀ ṣe a máa wú irú rọ́bà yìí, ohun tí ó pa ti àtijọ́ ni ìbá tún pa tuntun. A dá ìdè irin padà, a fi ọwọ́ lásán yí bóòtì méjèèjì wọlé kí a tó mú sípánà, a sì ń fún wọn ní dọ́gbadọ́gba, díẹ̀ fún èyí, díẹ̀ fún èyí. A ṣe ìhà ọ̀tún bákan náà. Ìwọ̀n bí a ó ti fún un wà nínú ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé náà bá sì ní kí a fún un tán nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí táyà rẹ̀, kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Okùn tí ń jo òróró ni a ti kọ́kọ́ pààrọ̀.

A fi ọkọ̀ gba iwájú ilé-ìwé. Ìyá wa àgbà wà lẹ́yìn, ìyá ilé wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A wọ kòtò apá òsì náà. Kò dún. A yí padà, a tún wọ ọ́. Ìyá wa àgbà ní, "Àlejò ti lọ?" Bí a ti dé kọ́nà ni a wá gbọ́ ariwo mìíràn, tẹ́ẹ́rẹ́, láti ẹ̀yìn: kéré-kéré-kéré. Ọkàn wa já. Nígbà tí a dúró tí a ṣí àpótí ẹ̀yìn, ṣíbí ìyá ilé wa kan ni, tí wọ́n ti ń wá láti ìgbà Kérésìmesì. Ó ṣeé ṣe kí ó ti máa ró láti ìgbà náà, kí ariwo ńlá sì máa bò ó.

Owó ìdánwò ọmọbìnrin wa ni a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wa, ó sì forúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé; a ṣì ń san án. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ní ìdajì iye wá ní ọjọ́ Ajé, ìyá ilé wa ni ó dá a lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti mẹkáníìkì wa, a mú rọ́bà àtijọ́ méjèèjì lọ fi hàn án. Ó fi àtàǹpàkò tẹ èyí tí ó rọ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi." Ó fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí a tún kọjá níbẹ̀, ó ń bi obìnrin kan léèrè pé ọkọ̀ rẹ̀, ṣé ó máa ń dún lórí bọ́ǹpù, tàbí nínú kòtò nìkan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwa àti ọmọ wa tún wọ abẹ́ ọkọ̀ náà láti yẹ àwọn bóòtì wò. Wọ́n wà bí a ti fi wọ́n sílẹ̀. Ẹsẹ̀ irin méjì tí ọkọ̀ náà dúró lé ní ọjọ́ náà kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ wa mọ́. A ti ra tiwa.